Ìyè, Àmì-Ìyè àti Ẹ̀rí: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí nípa Wíwá Ìyè ní Máàsì

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe iṣẹ́ ìsọlórúkọ lásán. Ẹni tí ó bá sọ ohun kan lórúkọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ ohun tí ó gbà pé ohun náà jẹ́, ó sì ti tipa bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí òǹkàwé yóò máa retí lára rẹ̀. Bí orúkọ náà bá ṣe déédéé, ẹ̀kọ́ yóò rọrùn. Bí ó bá wọ́, èrò gbogbo ẹni tí ó bá lò ó yóò wọ́ tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Òwe yìí ṣẹ nínú ìtàn bí àwọn onímọ̀ ti ṣe ń wá ìyè ní Máàsì, plánẹ́ẹ̀tì tí ó tẹ̀lé ayé wa bí a bá ń kà á láti ọ̀dọ̀ oòrùn lọ sí òde.

Kókó mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Èkíní ni ìtàn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Èkejì ni àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè lè fẹ́ fi pe ohun tí àwọn onímọ̀ náà ń wá. Ẹ̀kẹta ni bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ya ohun tí ó jọ ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ìyè gan-an, nítorí pé orí ìyàtọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tí ó wáyé láti ọdún 1976 títí di ọdún 2025 dúró lé.

Kí á tó lọ jìnnà, orúkọ plánẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Ìràwọ̀ ni Yorùbá ń pe àwọn ohun tí ń tàn lójú ọ̀run lóru, yàtọ̀ sí òṣùpá. Àgùàlà wà lára wọn, òun sì ni àwọn mìíràn ń pè ní ajá òṣùpá nítorí pé a máa ń rí i nítòsí òṣùpá. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìràwọ̀ ni ohun tí ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde láti inú ara rẹ̀ bí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni Àgùàlà àti Máàsì fi ń tàn, oòrùn náà ni wọ́n sì ń yí po. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àyálò náà, plánẹ́ẹ̀tì, ni ó yẹ kí á dì mú, kí ọ̀rọ̀ náà, ìràwọ̀, má baà ṣe iṣẹ́ méjì nínú ìwé kan náà.

Máàsì kéré sí ayé: ìwọ̀n ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì ti ayé lọ. Ọjọ́ 687 ti ayé ni ó fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtẹ̀sílẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100 ti ayé, kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì ni ó sì kó nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 afẹ́fẹ́ náà. Ibẹ̀ tutù gan-an, omi kò sì lè dúró pẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìdì tàbí láìfẹ́ lọ.

2. Ipa odò ni, àbí odò àgbẹ́?

Ní ọdún 1877, nígbà tí Máàsì súnmọ́ ayé gidigidi, Giovanni Schiaparelli, onímọ̀ ìràwọ̀ ní ìlú Milan ní orílẹ̀-èdè Ítálì, fi awò awọ̀nàjíjìn wo plánẹ́ẹ̀tì náà, ó sì ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Ó rí àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dàbí ẹni pé wọ́n so àwọn ibi dúdú pọ̀ mọ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ èdè Ítálì tí ó fi pè wọ́n ni canali. Nínú èdè náà, ọ̀rọ̀ yìí lè dúró fún ipa tí omi fúnra rẹ̀ là sórí ilẹ̀. Ó sì tún lè dúró fún ọ̀nà omi tí ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun méjèèjì, èyí tí ó jẹ mọ́ odò àgbẹ́ ni ó sì gbilẹ̀ láàárín àwọn òǹkàwé. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí wọ́n ṣí odò àgbẹ́ ti Suez ní Íjíbítì ní ọdún 1869. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọkàn ẹnikẹ́ni.

Odò àgbẹ́ kò sì lè ṣàì ní ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ìtumọ̀ yìí ni Percival Lowell, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ́ ilé lé. Ní ọdún 1894, ó dá ilé ìwòràwọ̀ sílẹ̀ ní Flagstaff ní ìpínlẹ̀ Arizona, ó sì kọ ìwé mẹ́ta lórí Máàsì ní ọdún 1895, 1906 àti 1908. Ohun tí ó ń sọ ni pé ilẹ̀ Máàsì ń gbẹ lọ, pé àwọn ẹ̀dá olóye tí ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ odò láti fa omi wá láti orí yìnyín tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ta kò ó. Ní ọdún 1907, Alfred Russel Wallace fi ìṣirò hàn pé Máàsì tutù jù, pé omi tí a bá dà sí irú odò bẹ́ẹ̀ kò lè dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1909, Eugène Antoniadi fi awò ńlá tí ó wà ní Meudon nítòsí Paris wo ibẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ilà náà tú ká di àbàwọ́n wẹ́wẹ́ tí kò ní ètò. Síbẹ̀, ìtàn odò àgbẹ́ kò kú tán títí di oṣù Júláì ọdún 1965, nígbà tí ọkọ̀ Mariner 4 kọjá lẹ́bàá Máàsì, tí ó sì fi àwòrán 21 ránṣẹ́ sí ayé. Kòtò ràbàtà-ràbàtà ni ó kún inú wọn, kò sí odò àgbẹ́ kankan.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kò mọ́ sí ibẹ̀. Ní ọdún 1971, Mariner 9 bẹ̀rẹ̀ sí í yí Máàsì po, àwòrán rẹ̀ sì fi hàn pé ipa odò gbígbẹ wà níbẹ̀ ní tòótọ́, èyí tí omi là ní àtètèkọ́ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ojú ibi tí Schiaparelli ya ilà sí. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà, canali, fún atúmọ̀ èdè Yorùbá, kò ní sí ọ̀nà tí yóò gbà yẹ ìpinnu yìí sílẹ̀: bí kò bá sọ pé ipa odò, yóò ní láti sọ pé odò àgbẹ́. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ó pè é ní ilà, nítorí pé ilà ni ojú rí. Èyí ni a lè kà sí òfin kìíní: ọ̀rọ̀-ìperí kò gbọdọ̀ sọ ju ohun tí aṣèwádìí rí lọ.

3. Ìyè, ẹ̀mí àti ìgbésí ayé

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu bí a bá béèrè ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ní Máàsì: ìgbésí ayé, ẹ̀mí àti ìyè.

Ìgbésí ayé kò lè ṣiṣẹ́ náà. Ìwà àti ìṣe ẹ̀dá láti ìgbà ìbí títí di ọjọ́ ikú ni ó ń sọ. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ń wá ìgbésí ayé ní Máàsì yóò rò pé ilé, ọjà àti oko ni wọ́n ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, ayé wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Máàsì kì í sì í ṣe ayé.

Ẹ̀mí ni ó fara hàn bí èyí tí ó dára jù, nítorí pé ohun ẹlẹ́mìí ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tan mọ́ mí, ìyẹn ni kí á fa afẹ́fẹ́ símú kí á sì tú u jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn kan wà láàárín bakitéríà orí ilẹ̀ ayé tí ọ́ksíjìn jẹ́ májèlé fún. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé ẹ̀mí ni a fi ń pe ohun tí a kò lè fojú rí, ìbáà ṣe ti inú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ti Kristẹni tàbí ti Mùsùlùmí. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sára pátákó pé ‘Ǹjẹ́ ẹ̀mí wà ní Máàsì?’, ìbéèrè mìíràn pátápátá ni ó lè wọ etí àwọn ọmọ. Kò sí ìdánwò kan nínú sáyẹ́ǹsì tí ó lè dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìyè ni ó kù, òun ni ó sì sàn jù. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe náà, yè, ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ènìyàn lè yè, ẹranko lè yè, igi tí a lọ́ gbìn sí ibòmíràn náà lè yè. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò ya ohun ọ̀gbìn sọ́tọ̀, kò béèrè èémí, kò sì béèrè ọgbọ́n orí. Ewu kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀ ni ti àmì ohùn. Ìyè kì í ṣe iyè tí a fi ń rántí ọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe iye tí a fi ń ka owó. Òǹtẹ̀wé tí ó bá yọ àmì ohùn kúrò lára ìwé sáyẹ́ǹsì ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta di ọ̀kan.

Láti ara ìyè ni ó ti yẹ kí á mú àwọn yòókù jáde. Ohun alààyè ni ohun tí ó ní ìyè. Fún àwọn tí ojú lásán kò lè rí, kòkòrò àìfojúrí ti gbilẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìlera, ṣùgbọ́n àrùn ni ó máa ń gbé wá sí ọkàn. Ohun alààyè àìfojúrí ni ó yẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń wá àrùn ní Máàsì.

4. Ìdánwò ọdún 1976

Ní ọjọ́ 20 oṣù Júláì ọdún 1976, Viking 1 gúnlẹ̀ sí Máàsì. Viking 2 tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Sẹ́pútẹ́ńbà. Ìdánwò mẹ́ta lórí ìyè ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé lọ. Gilbert Levin àti Patricia Straat ni wọ́n wà nídìí èyí tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n ṣe kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n kán omi tí èròjà aṣaralóore wà nínú rẹ̀ sórí erùpẹ̀ Máàsì. Kábọ́ọ̀nù inú èròjà náà jẹ́ irú èyí tí ń tú ìtànṣán jáde, tí ẹ̀rọ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bí ohun alààyè bá jẹ èròjà náà, yóò tú gáàsì tí ó ní kábọ́ọ̀nù yìí jáde, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀.

Gáàsì náà jáde lóòótọ́. Wọ́n tún ṣe ìdánwò ìfiwéra: wọ́n kọ́kọ́ yan erùpẹ̀ mìíràn nínú ooru tí ó tó 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ohunkóhun tí ó bá wà láàyè nínú rẹ̀ lè kú. Gáàsì kò jáde mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò yìí nìkan ni, à bá ti sọ pé wọ́n ti rí ìyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kán èròjà síi lẹ́ẹ̀kejì, gáàsì kò pọ̀ síi bí yóò ti rí bí ohun alààyè bá ti ń bí síi. Nínú ìdánwò kejì, ọ́ksíjìn jáde lára erùpẹ̀ kìkì nítorí pé ọ̀rinrin kàn án, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti yan án. Ẹ̀rọ kẹrin, tí Klaus Biemann ń bójú tó, wá àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù tí ó yẹ kí ó jẹ́ ara ohun alààyè, kò sì rí èyí tí wọ́n lè gbà pé ti Máàsì ni. Díẹ̀ tí ó rí, tí kílórínì wà nínú rẹ̀, wọ́n rò pé ìdọ̀tí láti ayé ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ẹnu kò pé èròjà inú erùpẹ̀ ni ó tú gáàsì náà jáde, kì í ṣe ìyè. Levin kò gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2021.

Ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn yọ. Ní ọdún 2008, ọkọ̀ Phoenix tí ó gúnlẹ̀ sí apá àríwá Máàsì rí pákílórèétì nínú erùpẹ̀ ibẹ̀. Bí a bá yan pákílórèétì pẹ̀lú àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù, yóò jó o run, yóò sì sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di irú àpòpọ̀ onílórínì tí Viking rí gan-an. Yíyan ni ẹ̀rọ ti ọdún 1976 sì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí kò sọ pé ìyè wà níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé àìrí kì í ṣe àìsí.

Ibi yìí ni àṣìlò ọ̀rọ̀ kan ti lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Àwọn atúmọ̀ kan a máa pe àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù ní ‘ohun tí ó ti ara ohun ẹlẹ́mìí wá’, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti rí nínú àwọn èdè Yúróòpù láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú òkúta tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, níbi tí kò sí ìyè. Nígbà tí ọkọ̀ Curiosity rí àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù nínú àpáta amọ̀ Máàsì, tí wọ́n kéde ní ọdún 2018, àti nígbà tí wọ́n kéde ní ọdún 2025 pé wọ́n rí èyí tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ to ara wọn tó 12, ẹni tí ó bá ti kọ́ orúkọ àkọ́kọ́ yẹn yóò ti pariwo pé a ti rí ìyè. Ẹni tí ó bá kọ́ ‘àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù’ yóò béèrè ibi tí kábọ́ọ̀nù náà ti wá. Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn aṣèwádìí ń béèrè.

5. Òkúta tí ó já bọ́

Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni ó mú ìròyìn wá. Òkúta díẹ̀ láti Máàsì ti já bọ́ sí ayé, lẹ́yìn tí ohun ńlá kan kọlu Máàsì tí ó sì fọ́n wọn sókè. Ọ̀kan já lulẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Òkítóbà ọdún 1962, ní Zagami ní agbègbè Kàtsínà ní Òkè Ọya, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná kúrò nínú oko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí òkúta kan tí ó wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 18 rọ̀jò lulẹ̀ nítòsí rẹ̀. Gáàsì tí ó há sínú òkúta yìí jọ afẹ́fẹ́ Máàsì tí àwọn Viking wọ̀n.

Irú òkúta báyìí kò ṣeé pè ní ẹdùn àrá. Ọwọ́ Ṣàngó ni Yorùbá gbà pé ẹdùn àrá ti wá, èyí tí a sì ń hú nínú ilẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́. Òkúta ajábọ́ ni ó sàn jù fún sáyẹ́ǹsì.

Òkúta ajábọ́ tí ó lókìkí jù nínú ọ̀rọ̀ ìyè ni ALH84001, tí wọ́n rí nínú yìnyín Antarctica ní ọdún 1984. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1996, David McKay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé wọ́n rí àwọn ohun kan nínú rẹ̀ tí ó lè jẹ́ àmì ohun alààyè àtijọ́. Lára wọn ni ohun tín-ínrín tí ó rí bí ekòló. Ààrẹ Bill Clinton fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn fi hàn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé ohun tí kò ní ìyè nínú lè ṣẹ̀dá gbogbo wọn. Yorùbá ní ohun tí ó bá jọ ohun ni a fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sin ẹ̀lírí kankan sínú rẹ̀.

6. Láti ìgbéyèró dé ẹ̀rí

Ìtàn wọ̀nyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ yí ìbéèrè wọn padà. Dípò kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyè wà ní Máàsì, wọ́n béèrè bóyá ibẹ̀ lè gbé ìyè ró nígbà kan rí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Curiosity nìyẹn nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí kòtò Gale ní ọdún 2012. Ní ọdún 2013, wọ́n kéde pé adágún omi tí kò níyọ̀ wà níbẹ̀ rí ní ayé àtijọ́, àti pé àwọn èròjà tí ìyè nílò wà nínú amọ̀ rẹ̀. Ìgbéyèró ni orúkọ tí ó yẹ ipò yìí, láti inú gbólóhùn náà, gbé ìyè ró. Ibi tí ó ní ìgbéyèró kò pọn dandan kí ó ní ìyè, gẹ́gẹ́ bí ilé tí a kọ́ parí kò ṣe pọn dandan kí ó ti ní ayálégbé.

Ọkọ̀ Perseverance, tí ó gúnlẹ̀ sí kòtò Jezero ní ọjọ́ 18 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2021, lọ síwájú díẹ̀. Ní oṣù Júláì ọdún 2024, ó bá àpáta kan pàdé tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls. Tótòtó bí ti ara àmọ̀tẹ́kùn wà lára rẹ̀: àárín funfun, etí dúdú. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní oṣù Sẹ́pútẹ́ńbà ọdún 2025 ṣàlàyé pé àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù wà nínú àpáta náà, àti pé irin tí ó lẹ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti irin tí ó lẹ̀ mọ́ imí-ọjọ́ wà nínú tótò náà. Ní ayé, ohun alààyè àìfojúrí inú ẹrẹ̀ a máa ṣẹ̀dá irú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè ṣẹ̀dá láìsí ìyè. Àwọn tí wọ́n kọ àpilẹ̀kọ náà kò sọ pé àwọn rí ìyè. Ègé tí ọkọ̀ náà gé lára àpáta náà wà nínú igò rẹ̀ ní Máàsì. Títí di òpin ọdún 2025, kò tíì dé ilé àyẹ̀wò kankan ní ayé.

Kí ni kí á pe irú ohun báyìí? Bí a bá pè é ní àmì-ìyè láìfi ohunkóhun kún un, a ti dájọ́ kí á tó gbọ́ ẹjọ́. Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu láti ilé ẹjọ́. Ẹni tí ọlọ́pàá mú tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi, ọ̀daràn kọ́ ni, afurasí ni. Àmì-ìyè afurasí ni ohun tí ó wà lára Cheyava Falls. Bí ìwádìí bá fi hàn pé ohun tí kò ní ìyè kò lè ṣẹ̀dá rẹ̀, nígbà náà ni ó tó di àmì-ìyè. Bí àwọn aṣèwádìí mìíràn bá sì fi ọ̀nà mìíràn dé orí ohun kan náà, ó di ẹ̀rí-ìyè. Èyí bá ìlànà àwọn onímọ̀ mu, nítorí pé ní ọdún 2021, James Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá àkàbà onípele 7 tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ yóò máa gùn ní ìpele-ìpele.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Plánẹ́ẹ̀tì: ohun ńlá tí ń yí oòrùn po, tí kì í mú ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ bí ìràwọ̀.
Ìyè: ipò tí ohun alààyè wà, ìbáà ṣe ẹranko, ohun ọ̀gbìn tàbí ohun àìfojúrí.
Ohun alààyè àìfojúrí: ohun tí ó ní ìyè tí a kò lè rí láìlo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.
Àpòpọ̀ oníkábọ́ọ̀nù: èròjà tí a fi kábọ́ọ̀nù hun, yálà ìyè ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.
Òkúta ajábọ́: òkúta tí ó ti ojú ọ̀run já sórí ilẹ̀.
Ìdánwò ìfiwéra: ìdánwò kejì tí a yọ ohun tí à ń wá kúrò nínú rẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá òun ni ó fa èsì ti àkọ́kọ́.
Ìgbéyèró: ipò tí ibì kan fi lè gbé ìyè ró.
Àmì-ìyè afurasí, àmì-ìyè, ẹ̀rí-ìyè: ìpele mẹ́ta tí ìdánilójú fi ń pọ̀ síi.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè kọ́ sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí rẹ̀ kí ó sì yé e. Ohun tí ó kù ni kí àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ọ jẹ́ èyí tí kò ní ṣì í lọ́nà. Ìtàn canali ti fi hàn pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí awò wà lójú wọn pàápàá lè tẹ̀lé ọ̀rọ̀ dípò ohun tí wọ́n rí. Bí ìròyìn mìíràn bá tún ti Máàsì wá, àwọn oníròyìn àti olùkọ́ Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àwùjọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ‘wọ́n rí ẹ̀mí’, a ó ti padà sí ìdí odò àgbẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ‘wọ́n rí àmì-ìyè afurasí’, òǹkàwé yóò mọ ohun tí a ti mọ̀, yóò sì mọ ohun tí ó kù tí a ó wádìí.